Bí mo ṣe darí àríyànjiyàn lórí owó sátẹ́láìtì, tí àwọn aláriwo kò fi dà á rú

"Ṣé ó yẹ kí Nàìjíríà máa náwó sí òfuurufú nígbà tí ebi ń pa mẹ̀kúnnù?" Àkòrí tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Akúrẹ́ gbé lé mi lọ́wọ́ nìyẹn, nígbà tí wọ́n fi mí ṣe alága àríyànjiyàn ìparí ọdún. Mo dá a padà fún wọn. Ó ti dá ẹjọ́ tán kí a tó pe ẹlẹ́jọ́. Ta ni yóò dìde láàárín èrò tí yóò ní kí ebi máa pa mẹ̀kúnnù nìṣó? A jọ tún un kọ títí ó fi di "Kí ìjọba àpapọ̀ má ṣe dín owó sátẹ́láìtì kù." Kò dùn létí tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbè é àti ẹni tó takò ó lè jọ jókòó kí ojú má ti ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pe olórí ikọ̀ méjèèjì wá sílé mi, kí a kọ ìwé olójú-ewé kan tí gbogbo wa máa fọwọ́ sí. Bí èèyàn méjì bá ń jà lórí èrò, mo lè gbọ́ wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí wọ́n bá ń jà lórí ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀, àkókò ni wọ́n ń fi ṣòfò. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì ayàwòrán, gbéra láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, pé Guildford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́ ọ, pé owó rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 dọ́là. A kọ NigComSat-1, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀, tí àwọn ará Ṣáínà kọ́ tí wọ́n sì gbé lọ sókè ní oṣù Karùn-ún 2007, tí kò lo ọdún méjì kí iná rẹ̀ tó kú ní oṣù Kọkànlá 2008. A kọ NigComSat-1R tó rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2011, pé owó adójútòfò ni wọ́n fi ṣe é. Ibí yìí ni olórí àwọn alátakò ti dúró díẹ̀. Òun náà ti rò pé ìjọba tún san owó lẹ́ẹ̀kejì ni. A kọ NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X, tí wọ́n jọ gbéra ní oṣù Kẹjọ 2011, tó jẹ́ pé àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà ló fọwọ́ ara wọn kọ́ X náà. Wọ́n fẹ́ fo EduSat tí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Akúrẹ́, àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Kyushu ní Japan jọ ṣe ní 2017, nítorí pé kò ju àpótí kékeré oní-sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Mo ní ní Akúrẹ́ yìí ńkọ́? Ó wọlé.

Òfin kan wà tí àwọn ìgbìmọ̀ kò fẹ́ rárá. Mo ní kí á má lé ẹni tó bá pariwo láti ẹ̀yìn jáde, ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún mọ̀ pé n óò ní kó dìde, kó sì sọ ariwo rẹ̀ di ìbéèrè. Wọ́n ní mo fẹ́ sọ gbọ̀ngàn di ọjà. Mo mọ ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n. Bọ̀dá kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé ibi tí èèyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ òótọ́ ló ti máa ń wá yẹ̀yẹ́ ṣe, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló sì máa ń jókòó sí pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo ní kí àwọn èèyàn fi ọwọ́ sọ iye tí wọ́n rò pé Amẹ́ríkà ń fún NASA, àjọ òfuurufú wọn, nínú 100 dọ́là tí ìjọba àpapọ̀ wọn bá ná. Ọ̀pọ̀ ní dọ́là mẹ́wàá, àwọn mìíràn ní ogún. Kò tó àádọ́ta sẹ́ǹtì. Kódà ní 1966, nígbà tí wọ́n ń sáré àtidé òṣùpá, ohun tó lé díẹ̀ ní dọ́là mẹ́rin ni. Ilé pa rọ́rọ́, àwọn alátakò kò sì fẹ́ràn mi ní wákàtí náà.

Agbẹnusọ àkọ́kọ́ fún àwọn tó gbè é jẹ́ ọmọbìnrin kan tó mọ̀ ọ́n sọ. Ó sọ nípa ìkún omi, ó sọ nípa oko, ó wá ní NigeriaSat-1 ya àwòrán ibi tí ìjì Katrina bàjẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 2005. Bọ̀dá kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ó rí Amẹ́ríkà, kò rí Chibok!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Mo wá ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn." Ó kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dìde, ohùn rẹ̀ ti yí padà: "Níbo ni sátẹ́láìtì wà nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ yẹn lọ ní 2014?" Iṣẹ́ alága, lójú tèmi, kò ju kí èèyàn ṣa yẹ̀yẹ́ kúrò lára ìbéèrè bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọmọbìnrin náà dáhùn dáadáa. Ó ní àmì bíńtín kan ṣoṣo nínú àwòrán NigeriaSat-1 fẹ̀ tó mítà 32 lóròó àti níbùú, odidi agbo ilé lè wà nínú ẹyọ kan. Ti NigeriaSat-2 já gaara sí i, mítà méjì ààbọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ni wàá fi rí, kì í ṣe èèyàn, pàápàá lábẹ́ igi Sambisa. Wọn kì í sì í dúró lójú kan. Ṣe ni wọ́n ń kọjá lọ. NigComSat tó dúró lójú kan, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè, kò ní kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ àti àwòrán tẹlifíṣọ̀n ló ń gbà tó sì ń jù sílẹ̀.

Alátakò kejì fò dìde: "Bí kò bá lè rí èèyàn, kí ló dé tí àwọn olóṣèlú fi ń tà á fún wa bí ẹ̀ṣọ́?" Kò sí ọ̀rọ̀ tó dára tó èyí ní gbogbo ọjọ́ náà, ariwo ẹ̀yìn ilé ló sì bí i.

Ariwo mìíràn wà tí kò lè bí nǹkan kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kí ọmọbìnrin náà lọ wá ọkọ, kó fi òfuurufú sílẹ̀. Mo béèrè ìbéèrè tó wà níbẹ̀. Kò rí kankan. Mo ní kó jókòó, kó má sì gba gbohùngbohùn mọ́ títí a ó fi dìbò. Ẹlòmíràn ní òun fẹ́ béèrè nípa ọmọ Nàìjíríà tó há sí òfuurufú láti ayé Sófíẹ́ẹ̀tì, ìyẹn lẹ́tà gbájúẹ̀ tó ti ń yí kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì tipẹ́. Ìyẹn ni mo fàyè gbà, nítorí ara ilé ti ń gbóná.

Olórí àwọn alátakò, tíṣà ni, ló mú ọ̀rọ̀ àgbà wá. Ó ní ní oṣù Keje 1969, ọjọ́ tó ku ọ̀la kí Apollo 11 gbéra lọ sí òṣùpá, Ralph Abernathy, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, kó àwọn ìdílé tálákà àti ìbaaka lọ fẹ̀hónú hàn ní ibùdó tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti máa gbéra, olórí NASA, Thomas Paine, sì jáde wá pàdé wọn. Paine sọ fún un pé bí kíkọ̀ láti tẹ bọ́tìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì bá lè mú ìṣẹ́ kúrò, àwọn kò ní tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ó gbàdúrà fún àwọn tó ń lọ. Abernathy sì gbà. Mo kàn fẹ́ràn ìtàn náà ni. Ọkùnrin tó wá fẹ̀hónú hàn kò kórìíra òṣùpá.

Alága kì í dìbò, ṣùgbọ́n mo ní èrò tèmi. Ní 2016, mínísítà Ogbonnaya Onu kéde pé a ó rán ọmọ Nàìjíríà lọ sí òfuurufú kí ó tó di 2030. N kò ní fi kọ́bọ̀ sí ìyẹn. Sátẹ́láìtì tó ń wo odò Ọya kó tó kún, owó rẹ̀ kò dùn mí.

Àwọn alátakò ló borí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó nawọ́ fún wọn dín kù sí ti ìbẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tún nawọ́, kò kígbe lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí a kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọọdún: irú àwòrán tí wọ́n yà, ẹni tó gbà á, ohun tó fi ṣe. Ikọ̀ méjèèjì gbà. Òun àti ọmọbìnrin náà ni a ní kí wọ́n kọ ìwé ọ̀hún, wọ́n sì ti ń jiyàn lórí ẹni tí yóò kọ ìlà àkọ́kọ́.