Róòsì Tó Ń Wọ́wé Nígbà Ooru: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí àwọn ará wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń bi mí jù lórí òdòdó róòsì nìwọ̀nyí. Ẹ̀yìnkùlé mi wà ní gúúsù ìlà-oòrùn ìlú náà. Ilẹ̀ amọ̀ ni, ó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà lásìkò òjò, ó sì máa ń sán bí ọ̀dá bá dá. Igi róòsì mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ lónìí, àti ebè tẹ̀tẹ̀ kan.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù Keje ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, àmì dúdú ti kún ara ewé róòsì mi, ewé ń pọ́n bí ìyeyè, ó sì ń já bọ́. Alaalẹ́ ni mo ń bomi rin ín. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Já ewé kan, gbé e sún mọ́ ojú. Bí etí àmì dúdú náà kò bá gún, tó rí bí ìgbà tí tàdáwà kán sórí aṣọ funfun tó ń ràn, àrùn tí wọ́n ń pè ní black spot nìyẹn. Irú èbu kan ló ń fà á. Tó bá jẹ́ ẹ̀fun ló dà bíi pé wọ́n fọ́n sórí ewé, ọ̀tọ̀ nìyẹn, irú èbu mìíràn ni, ilẹ̀ tó gbẹ jù ló sábà máa ń fún un láyè.

Èbu black spot ò lè wọ ewé tó gbẹ. Ó ń fẹ́ kí omi wà lórí ewé fún nǹkan bíi wákàtí méje kó tó ráyè wọlé. Wá rò ó wò: omi tí o dà lé e lórí ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ìgbà wo ni yóò gbẹ? Ó di òwúrọ̀. Àárọ̀ ni kí o máa bomi rin ín, ìdí igi sì ni kí o máa da omi sí.

Ṣùgbọ́n omi nìkan kọ́. Ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa kì í wò. Inú ewé tó já bọ́ ni èbu yìí ti máa ń sùn títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá. Bí òjò bá rọ̀ ní oṣù Kẹrin, omi á ta láti ilẹ̀, á gbé e lé ewé tuntun ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti máa gun òkè lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ra oògùn fín in, kò lọ. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún kan, mo kúnlẹ̀, mo ń ṣa ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àwọn igi mi. Àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ amọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi èékánná hú wọn. Garawa méjì ló kún. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni róòsì mi kọ́kọ́ wọ oṣù Kẹsàn-án pẹ̀lú ewé lára.

Má da ewé yẹn sórí ààtàn tí o fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀ o. Ààtàn ilé kì í sábà gbóná tó láti pa èbu náà. Dì í sínú àpò kí àwọn kánsù kó o lọ. Tó bá di ìparí oṣù Kejì, fi ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà dáadáa bo ilẹ̀ abẹ́ igi, kó nípọn tó ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó kan ara igi. Á bo ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù mọ́lẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé tuntun lo fẹ́ rà, wá èyí tí wọ́n ń pè ní rugosa. Ewé rẹ̀ hun jọ, ẹ̀gún rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n àrùn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin ra róòsì pupa fún mi nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 60. Ọdún kẹrin rèé, òdòdó funfun kéékèèké ló ń yọ. Ẹnì kan ní kí n fà á tu, pé kì í ṣe ojú lásán.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fà á tu. Igi méjì ni wọ́n so pọ̀ níbẹ̀: ẹ̀ka róòsì pupa ni wọ́n fi mọ́ gbòǹgbò róòsì ìgbẹ́ tó lágbára. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe ọsàn nílé lọ́hùn-ún, tó jẹ́ pé bí orí rẹ̀ bá kú, èyí tó bá hù láti ìsàlẹ̀ á máa so èso kíkan. Róòsì ìgbẹ́ yẹn ló yọrí jáde tó ń gba oúnjẹ mọ́ ti ọmọ yín lọ́wọ́.

Ẹ fi ọwọ́ wa iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ títí ẹ ó fi kan ibi tó wú bí oríkèé ọwọ́. Ẹ̀ka tó bá ti ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yọ, ti ìgbẹ́ ni. Ẹ má gé e ní ojú ilẹ̀, nítorí á tún rú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ dì í mú níbi tó ti yọ gan-an, kí ẹ fà á ya kúrò. Bí ẹ bá rí ẹ̀ka tó ti òkè oríkèé náà jáde, bó ti wù kó tín-ín-rín tó, ti ọmọ yín nìyẹn.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni ká máa rẹ́ ẹ?

Ìdáhùn: Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìparí oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, fún róòsì tí kì í gun ògiri. Bí ẹ bá rẹ́ ẹ gan-an ní oṣù Kejìlá, tí oòrùn wá tan án, á rúwé, yìnyín á sì jó o. Ẹ gé e díẹ̀ sí òkè ojú ẹ̀ka tó kọjú síta, ìyẹn ibi tí ewé tuntun yóò ti rú, kí àárín igi lè là fún atẹ́gùn.

Ìbéèrè: Kòkòrò aláwọ̀ ewé wẹ́wẹ́ kún orí ìtànná rẹ̀, èèrà sì ń gùn ún.

Ìdáhùn: Ọwọ́ ni kí ẹ fi tẹ̀ wọ́n pa. Oje dídùn tí kòkòrò yẹn ń yà ni èèrà ń wá. Bí ẹ bá rí èyí tó dúdú, tó gùn, tó ní àmì òféfèé lára, ẹ má pa á. Ọmọ kòkòrò róbótó pupa tó ní àmì dúdú lẹ́yìn ni, òun gan-an ló ń jẹ wọ́n.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè gbin tẹ̀tẹ̀ sáàárín róòsì?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, láti ìparí oṣù Karùn-ún, nígbà tí yìnyín ti lọ pátápátá. Ẹ fi àyè tó ìgbọ̀nwọ́ kan sílẹ̀ ní ìdí róòsì kí atẹ́gùn lè kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fín oògùn sí róòsì, ẹ má já tẹ̀tẹ̀ ibẹ̀ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tí èmi fi ń kúnlẹ̀ ṣa ewé.