Bí ẹ ṣe lè fi kámẹ́rà mẹ́ta ya eré apanilẹ́rìn-ín níwájú èrò, lọ́nà ti Desi Arnaz

Ẹ̀rín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ eré lẹ́yìn tí wọ́n ti yà á tán kì í pẹ́ hàn sí ẹni tó ń wò ó. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rín gidi, ẹ ní láti pe èrò wá síbi tí ẹ ti ń ya eré, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí èrò ò ní jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kí ẹ máa tún iná tò. Ẹni tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí débi tí àwọn tó kù ní Hollywood fi ń tẹ̀ lé e ni Desi Arnaz.

Ọmọ Santiago de Cuba ni, wọ́n bí i ní 1917. Bàbá rẹ̀ jẹ́ olórí ìlú náà, àmọ́ nígbà tí ìjọba dojú dé ní 1933, wọ́n pàdánù ohun tí wọ́n ní, wọ́n sì sá lọ sí Miami. Orin àti ìlù ló fi jẹun níbẹ̀. Ìlù conga tó máa ń gbé kọ́rùn, tó fi ń ké pe Babalú Ayé, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀. (Ọbalúayé wa náà ni o, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ọ̀dọ̀ wa ló gbé e dé Cuba.) Ní 1940 ó fẹ́ Lucille Ball, òṣèré, ní 1950 wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Wọ́n so orúkọ ara wọn pọ̀, wọ́n pè é ní Desilu. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1951 ni CBS, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan, bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré apanilẹ́rìn-ín wọn, I Love Lucy, hàn.

Ohun tí wọ́n ń sá fún

Láyé ọjọ́un, New York ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ eré tẹlifíṣàn, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni àwọn ará ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ń wò ó. Fún àwọn ìlú tó jìnnà, wọ́n á gbé kámẹ́rà fíìmù ka iwájú gíláàsì tẹlifíṣàn, wọ́n á ya àwòrán tó wà lórí rẹ̀. Kinescope ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àwòrán rẹ̀ máa ń ṣú, ojú èèyàn á dà bí ẹni tó wà nínú kùrukùru. Ilé-iṣẹ́ sìgá tó jẹ́ onígbọ̀wọ́ eré náà ò fẹ́ kí New York, níbi tí òǹwòran pọ̀ sí, máa wo irú ẹ̀. Desi àti ìyàwó rẹ̀ náà ò fẹ́ kúrò ní California.

Ohun tí Desi ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n fi fíìmù 35mm yà á bí wọ́n ṣe ń ya sinimá, kí kámẹ́rà mẹ́ta máa yà á lẹ́ẹ̀kan náà, kí eré má dúró, kí èrò sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ dán an wò. Ètò tẹlifíṣàn Ralph Edwards ti lo fíìmù àti kámẹ́rà púpọ̀ ní 1950, Al Simon tó bá wọn ṣe ìyẹn ni Desi gbà síṣẹ́. Ohun tó jẹ́ ti Desi ni bó ṣe mú kó ṣeé ṣe fún eré onítàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ojú ilé ń yí padà, tí òṣèré ń pààrọ̀ aṣọ.

Ibi tí ẹ máa lò

Wọ́n háyà gbọ̀ngàn kan ní General Service Studios, wọ́n sì to ìjókòó fún nǹkan bí èèyàn 300. Wọ́n ní láti wó ògiri, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ sójú títì fún èrò, torí ibi tí wọ́n kọ́ fún yíya sinimá kò ní ọ̀nà tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn lè gbà sá jáde bí iná bá sọ. Ẹ bójú tó èyí kí ẹ tó ronú kan kámẹ́rà.

Kámẹ́rà ni yóò wà láàárín èrò àti òṣèré. Nítorí náà, ẹ gbé ìjókòó ga bí àtẹ̀gùn, kí ẹni tó wà níwájú pátápátá lè wo òkè orí àwọn tó ń ti kámẹ́rà. Bí èrò ò bá rí òṣèré, wọn ò ní rẹ́rìn-ín, àṣedànù sì ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ to àwọn yàrá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo: ilé ìdáná, pálọ̀, yàrá, ibi ijó. Ògiri mẹ́ta ni kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní, kí ọ̀nà èrò ṣí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ ju bó ṣe jìn lọ. Bí yàrá bá jìn jù, kámẹ́rà ẹ̀gbẹ́ ní láti wọnú rẹ̀ kó tó rí ojú òṣèré, kámẹ́rà kejì á sì yà á mọ́ ọn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Kí ilẹ̀ dán, kó sì tẹ́jú, kí táyà kámẹ́rà lè yí láìpariwo.

Iná

Karl Freund ló bá wọn ṣètò iná. Àgbà ayàwòrán tó ti ṣiṣẹ́ ní Jámánì, tó sì ti gba Oscar ní Amẹ́ríkà ni. Lójú tirẹ̀, iná fún kámẹ́rà kan rọrùn, ti mẹ́ta ló le, torí ohun tó dára níwájú lè sọ ẹ̀gbẹ́ dòkùnkùn. Ó gbé gbogbo iná kọ́ òkè, kò fi ìkankan sílẹ̀ nílẹ̀, ó sì mú kí ìmọ́lẹ̀ náà dọ́gba káàkiri kí kámẹ́rà lè rìn síbi tó bá wù ú. Ó wá fi iná kékeré sókè lẹ́ǹsì kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, kí ojú òṣèré má baà ṣókùnkùn lábẹ́ iná òkè.

Eérú ni gbogbo ọ̀dà ilé tí wọ́n kùn, láti eérú fẹ́ẹ́rẹ́ dé eérú kíki, nítorí tẹlifíṣàn ìgbà yẹn máa ń sọ funfun di funfun jù, dúdú di dúdú jù. Ẹ má fojú kéré ìyẹn lónìí. Bí ògiri yín bá funfun báláú, tí òṣèré sì dúdú, kámẹ́rà á bá ògiri lọ, ojú òṣèré á ṣú. Ẹ kun ògiri ní àwọ̀ tí kò mọ́lẹ̀ ju ojú òṣèré lọ, kí ẹ sì gba aṣọ funfun lọ́wọ́ wọn.

Kámẹ́rà

Ti àárín ló ń rí gbogbo yàrá. Lẹ́ǹsì 28mm sí 50mm ni wọ́n fi sí i. Àwọn méjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì ló ń ya ojú, lẹ́ǹsì wọn tó 75mm sí 100mm. (Nọ́ńbà kékeré ń rí ibi tó fẹ̀, ńlá ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́.) Kámẹ́rà òde òní tí ojú tó fi ń gba àwòrán nínú rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n APS-C súnmọ́ ìwọ̀n fíìmù yẹn, ẹ lè lo nọ́ńbà wọ̀nyí bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ full-frame, tí ojú náà tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí ti apá ọ̀tún máa wo òṣèré tó wà lápá òsì, kí ti apá òsì máa wo ti ọ̀tún. Ojú tó kọjú sí i ló ń yà nìyẹn, tí kì í ṣe etí.

Fíìmù 35mm ń jẹ ẹsẹ̀ bàtà 90 ní ìṣẹ́jú kan. Ìdì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kò lè kọjá ìṣẹ́jú 11. Nítorí náà, ìran kankan ò gbọdọ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀, ìgbà tí òṣèré bá ń pààrọ̀ aṣọ ni wọ́n sì ń ki fíìmù mìíràn bọ̀ ọ́. Eré ìṣẹ́jú 26 lórí kámẹ́rà mẹ́ta á jẹ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7,000, láìka èyí tó bàjẹ́. Ẹ̀yin ò ní fíìmù, àmọ́ ẹ ní bátìrì àti káàdì, àwọn kámẹ́rà kan sì wà tó ń dá iṣẹ́ dúró fúnra wọn bó bá ku díẹ̀ kó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ mọ iye ìṣẹ́jú tó rẹlẹ̀ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó pín ìran.

Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ pọ̀, kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i, kí ẹ lè fi ìyẹn mú àwòrán wọn bára mu nígbà tí ẹ bá ń gé e. Iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá gbọ́dọ̀ dọ́gba: bí ọ̀kan bá wà lórí 25, tí èkejì wà lórí 30, ìrìn àwòrán wọn ò ní bára mu nígbà tí ẹ bá ń gé wọn pọ̀.

Ohùn ẹ̀rín lọ́tọ̀, ohùn òṣèré lọ́tọ̀. Ẹ gbé makirofóònù kọ́ òkè èrò, ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ ti òṣèré. Bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, ẹ̀rín kan tó ròkè jù á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kò sì ní ṣeé yọ.

Ọ̀sẹ̀ kan

Ọjọ́ mẹ́rin tó. Ní ọjọ́ kìíní, gbogbo òṣèré jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ka ìwé eré sókè. Ibi tí kò bá pa àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́rìn-ín, ẹ tún un kọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín. Ohun èlò gidi ni kí wọ́n fi dánra wò láti ọjọ́ yìí. Bí ó bá jẹ́ pé àwo oúnjẹ ló máa já bọ́ lọ́wọ́ òṣèré, àwo yẹn gan-an, pẹ̀lú oúnjẹ nínú rẹ̀, ni kó gbé. Àwo òfìfo kì í wúwo lápá kan, ọwọ́ rẹ̀ á ti kọ́ irọ́. Lucille Ball kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí.

Ọjọ́ kẹta ni ti kámẹ́rà. Ẹ fi téèpù sàmì sílẹ̀ níbi tí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan máa dúró sí fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ ọ̀tọ̀ fún kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sí i. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ ṣe é tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú aṣọ, kí èrò wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Desi fúnra rẹ̀ ló máa ń jáde bá wọn ṣàwàdà, á fi àwọn òṣèré hàn, ẹgbẹ́ olórin á lù. Èrò tó bá tutù ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í sábà gbóná mọ́.

Ẹ kọ́ òṣèré láti dúró de ẹ̀rín. Kó má dákẹ́ bí ère. Kó máa fi ojú tàbí ọwọ́ ṣe nǹkan, bí ẹ̀rín bá ti ń rọlẹ̀, kó tó parí tán, kó gbé ọ̀rọ̀ tó kàn. Bí ẹnì kan bá ṣì ọ̀rọ̀ sọ, ẹ máa bá a lọ, ẹ tún ibẹ̀ yà lẹ́yìn tí èrò bá ti lọ. Àwàdà tí wọ́n ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í pa wọ́n bíi ti àkọ́kọ́.

Fún gígé rẹ̀, Dann Cahn àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lo ẹ̀rọ Moviola olórí mẹ́ta, tó ń fi àwòrán kámẹ́rà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ohùn kan. Kọ̀ǹpútà yín lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má kàn máa tẹ̀ lé ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ojú ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún ló sábà máa ń gbé ẹ̀rín náà wá.

Ìwé àdéhùn

Fíìmù wọ́n ju kí wọ́n kàn ṣe é lọ́wọ́ lọ. CBS àti onígbọ̀wọ́ ò fẹ́ dá san àfikún náà. Desi gbà kí wọ́n gé $1,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kúrò nínú owó òun àti ìyàwó rẹ̀, ní àdéhùn pé Desilu ni yóò ni fíìmù náà. Wọ́n gbà fún un. Lójú ìgbà yẹn, eré tí wọ́n bá ti fi hàn lẹ́ẹ̀kan ti parí, ta ló tún fẹ́ wò ó?

Nígbà tí Lucille lóyún ní 1952, wọ́n ti ya àwọn eré kan sílẹ̀ kó tó bímọ, wọ́n sì tún àwọn ti tẹ́lẹ̀ fi hàn nígbà tó ń sinmi. Àwọn èèyàn wò ó. Kinescope ò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Lẹ́yìn náà CBS fi owó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ra àwọn fíìmù tí wọ́n ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ní 1957, Desilu ra ilé-iṣẹ́ sinimá RKO, níbi tí Desi àti Lucille ti kọ́kọ́ pàdé nígbà tí àwọn méjèèjì jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ń gbowó oṣù.

Nínú ìwé tiyín, ẹ kọ ẹni tó ni àwòrán tí ẹ gé tán, àti ẹni tó ni èyí tí ẹ ò lò. Ẹ kọ iye ìgbà tí oníbùdó tẹlifíṣàn lè fi hàn, orílẹ̀-èdè wo, fún ọdún mélòó. Bí ẹ bá sì jẹ́ méjì tẹ́ ẹ ni ilé-iṣẹ́, yálà tọkọtaya tàbí ọ̀rẹ́, ẹ kọ bí ẹ ó ṣe díye lé ìpín ẹni tó bá fẹ́ jáde. Desi àti Lucille kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1960. Ní 1962 Lucille ra ìpín Desi. Lábẹ́ Lucille ni Desilu gbé eré tẹlifíṣàn Star Trek àti Mission: Impossible jáde ní 1966, ọdún tó tẹ̀ lé e ni Gulf+Western, ilé-iṣẹ́ ńlá kan, ra ilé-iṣẹ́ náà. Desi ò ní kọ́bọ̀ níbẹ̀ mọ́.