Bí mo ṣe ka ìrìn plásímà nínú dátà rédà Tromsø
Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní aurora máa ń yọ lójú ọ̀run Nọ́wè lóru, aláwọ̀ ewé, ó á nà gbọọrọ bí ọjá láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn. Tí ọjá yìí bá ń sún lọ síhà gúúsù, ṣé plásímà inú rẹ̀ (afẹ́fẹ́ tó ti pín sí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti áyọ́ọ̀nù, àwọn ègé kéékèèké tó ní iná nínú) náà ló ń lọ síbẹ̀?

Mo lọ sí Madrigal, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tí dátà àwọn rédà EISCAT, tó ń wo òkè ọ̀run ní ìhà àríwá Yúróòpù, wà. Mo yan alẹ́ ìgbà òtútù kan tí rédà UHF (orúkọ irú ìgbì rédíò tó ń lò) ti Tromsø, ní Nọ́wè, ṣiṣẹ́, mo sì fi èdè kọ̀ǹpútà Python ṣí fáìlì rẹ̀. Àwo rédà yìí fẹ̀ ní mítà 32. Ó ń ta ìgbì rédíò lọ sókè, èyí tí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń dá padà kò sì tó nǹkan rárá. Síbẹ̀, inú ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n ti ń ka iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìgbóná wọn, ìgbóná áyọ́ọ̀nù, àti eré tí áyọ́ọ̀nù ń sá. Iṣẹ́ ńlá ni!

Iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni mo kọ́kọ́ yà sórí gíráàfù. Ìgbà tí ọjá náà gba orí rédà kọjá hàn gbangba: ní nǹkan bíi kìlómítà 110 sókè, iye náà fò sókè, nítorí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń já bọ̀ láti òkè ń sọ afẹ́fẹ́ di áyọ́ọ̀nù.

Mo wá ya eré. Díẹ̀ báyìí ni mo rí. Ìdí ni pé ìrìn tó ń bọ̀ wá bá rédà tàbí tó ń sá fún un nìkan ni rédà kan lè rí. Lálẹ́ yẹn, ìlà òòfà ayé ni àwo náà kọjú sí, bẹ́ẹ̀ ìdábùú ìlà yẹn ni plásímà ń gbà ṣàn.

Ìgbóná áyọ́ọ̀nù ló tú àṣírí. Lókè kìlómítà 200, ẹ̀gbẹ́ ọjá náà gan-an ló ti gbóná jù, kì í ṣe àárín rẹ̀. Níbẹ̀, plásímà ń sáré gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, wọ́n ń gbo ara wọn, gbígbo yẹn ló sì ń mú un gbóná. Tí eré náà bá tó 1,000 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára iná tó ń tì í lókè Tromsø tó nǹkan bíi 50 millivolt fún mítà kan.

Mo tún wo dátà rédà kan tó wà lára SuperDARN, àkójọ àwọn rédà tó ń wo ìrìn plásímà, ní Hankasalmi, ní Fínláǹdì, tó ń wo ìhà àríwá láti ẹ̀gbẹ́. Òun kì í rí nǹkan àfi tí plásímà bá rí ségesège, ṣùgbọ́n ó rí i lálẹ́ yẹn. Ọjá ń sún lọ sí gúúsù. Plásímà ń ṣàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjá náà. Ìrìn méjèèjì yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ ya ìgbóná áyọ́ọ̀nù kí ẹ tó ya eré.