Bí mo ṣe kọ́ ìṣísẹ̀ mohawk orí yìnyín títí mo fi ṣe ìdánwò

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè nínú ìdánwò Adult Bronze, ìpele kan fún àgbàlagbà, ti U.S. Figure Skating, ẹgbẹ́ tó ń darí eré orí yìnyín ní Amẹ́ríkà, mohawk tó ní ìṣísẹ̀ márùn-ún ló gbà mí lákòókò jù. Àwọn yòókù tètè wọ̀ mí lára. Èyí ní tirẹ̀, ìlànà ló wà fún un: ìdajì òbìrípo lo máa fi ẹsẹ̀ fà sórí yìnyín, ìṣísẹ̀ márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èyí bá yí sí òsì, èyí tó tẹ̀ lé e á yí sí ọ̀tún, mẹ́rin tàbí márùn-ún irú rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan pápá yìnyín dé ìpẹ̀kun kejì. Kò sì sí orin. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dùn mí. Kí wọ́n ní kí ọmọ Yorùbá máa dá ẹsẹ̀ láìsí ìlù!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò wọ bàtà yìnyín rí. Irin abẹ́ bàtà náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n gbẹ́ àárín rẹ̀ wọnú díẹ̀, ó wá ku etí méjì, etí inú àti etí òde. Bí o bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ etí inú, tí o ń lọ síwájú, irin náà á gbé ọ yí sí òsì fúnra rẹ̀. Bí o bá tẹ etí òde, ọ̀tún ló ń gbé ọ lọ. Nínú ìwé ìlànà, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. RFI ni ẹsẹ̀ ọ̀tún, síwájú, etí inú. LBI ni ẹsẹ̀ òsì, sẹ́yìn, etí inú. Ìgbà tí o bá kúrò lórí RFI bọ́ sórí LBI ni mohawk: o ti kẹ̀yìn sí ibi tí ò ń lọ, o sì ti pààrọ̀ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n orí òbìrípo kan náà lo ṣì wà.

Orí ilẹ̀ lásán ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí kọnkéré iwájú ilé wa ní Houston, mo wọ sálúbàtà, mo ń rìn ín lọ, mo ń rìn ín bọ̀. Aládùúgbò wa tó ń bomi rin koríko wò mí títí, kò bi mí ní nǹkan kan. Nígbà tí kò sí orin, mo fi ẹnu ara mi ṣe é: “Tẹ̀, tì, yí, dúró, jáde.” Ọ̀rọ̀ kan fún ìṣísẹ̀ kan. Kóòṣì mi, ọmọbìnrin tí mo lè bí, kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ní kí n máa wí i sókè lórí yìnyín, nítorí ìgbà tí mo bá dákẹ́ ni mo máa ń sáré jù.

“Dúró” yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Bí ara bá ti yí padà tán, ó fẹ́ máa yí lọ. Ẹsẹ̀ kò lè dá a dúró, èjìká ló ń ṣe é: bí ìbàdí ti ń yí báyìí, èjìká á kọ̀ fún un, á fà á padà sí òdìkejì. Ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀, gìgísẹ̀ òsì gbọ́dọ̀ ti wá kan ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún níbi tó tẹ̀ wọnú, kí orúnkún sì ṣí síta. Ìbàdí tó ti ń jókòó sí ọ́fíìsì láti ọdún gbọọrọ kì í ṣí bẹ́ẹ̀. Alaalẹ́ ni mò ń jókòó sílẹ̀, tí mo ń pa àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, tí mo ń tẹ orúnkún sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé yìnyín kì í purọ́. Bí mo bá ti kọjá tán, mo máa ń padà lọ bẹ̀rẹ̀ wo ojú ìlà. Mohawk tó dáa, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló máa parí, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn á gbà á níbẹ̀ gan-an. Èyí tí kò dáa, yìnyín á họ funfun bí àgbọn tí wọ́n rin. Èèyàn tún máa ń fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ: eyín wà níwájú irin yẹn, bí ara bá tẹ̀ síwájú jù nígbà tí o ń lọ sẹ́yìn, á ha yìnyín, á dún kẹ̀rẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ìdí tí wọ́n fi ń ṣe irú ìdánwò yìí kò ju èyí lọ. Láyé ìjọ́un, àwọn adájọ́ gan-an máa ń bẹ̀rẹ̀ wo òbìrípo tí àwọn òṣèré fà sílẹ̀, kí wọ́n tó yọ òbìrípo fífà yẹn kúrò nínú ìdíje àgbáyé ní 1990.

Apá ọ̀tún ló burú fún mi. Nígbà tí pápá bá ṣí fún ará ìlú, òsì ni gbogbo wọn ń yí sí, ara ti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ọ̀tún ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́ kó tó rẹ̀ mí, ìlọ́po méjì òsì. Ọmọ mi obìnrin ló ń fi fóònù yà mí. “Mọ́mì, ilẹ̀ lẹ tún ń wò yẹn o.”

Lọ́jọ́ ìdánwò, adájọ́ mẹ́ta ló jókòó, wọ́n jìnnà síra wọn, kálukú ń kọ tirẹ̀. Bí méjì bá ti gbà fún ọ, o yege. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n ránṣẹ́ pé kí n tún mohawk nìkan ṣe. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i, kò túmọ̀ sí pé o ti fìdí rẹmi. Mo fà á gùn, mo ń wí i lábẹ́ eyín. Méjì kọ pass (ó yege), ẹnì kan kọ retry (kó tún un ṣe), ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé orúnkún mi le gan-an ní ìṣísẹ̀ kẹrin. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mohawk tó ní ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, kóòṣì sì ní orúnkún yẹn la máa kọ́kọ́ bá wí.