Bí ọ̀nà orí òkè ṣe di èyí tí ọkọ̀ lè gbà

Ọ̀nà tó gòkè lọ síbi tí a ń pàgọ́ sí lẹ́bàá Kàbbà ti di kòtò. Táyà kàn ń yí lójú kan ni. Òkúta tí a kọ́kọ́ fi dí i, òjò kan ṣoṣo ló gbá a lọ. Omi gan-an ló yẹ ká yà.

A fi díágà gbẹ́ gọ́tà dábùú ọ̀nà, ẹsẹ̀ bàtà 1 ní jíjìn, a kó erùpẹ̀ rẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀, a sì kì í mọ́lẹ̀ pinpin. Ní ìṣísẹ̀ 20 síra wọn la gbẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kó fì sísàlẹ̀ díẹ̀: bó bá dábùú gbọọrọ, iyanrìn á dí i. Inú koríko ni kí ẹnu rẹ̀ já sí, kó má lọ já sídìí àgọ́ o! Ìgbà yẹn la tó da òkúta sí kòtò, ńláńlá nísàlẹ̀, wẹ́wẹ́ lókè.