College Football 25: ohun tó ń bí yín nínú, àti ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i

Ìbéèrè tí ẹ̀ ń bi mí lórí EA Sports College Football 25 ti pọ̀ jù, mo bá kó wọn jọ síbí. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni o, ti àwọn yunifásítì wọn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù tí wọ́n sì ń wó ara wọn mọ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tí Osimhen ń gbá. July 2024 ló jáde, ọdún 11 lẹ́yìn NCAA Football 14 tó ṣáájú ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, PS4 ni mo ní, mo wá géèmù yìí títí mi ò rí i. Ti kọ̀ǹpútà ńkọ́?

Má wá a mọ́. PS5 àti Xbox Series X tàbí S nìkan ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tó bá ní òun fẹ́ ta ti PS4 fún ẹ, owó ẹ ló fẹ́ jẹ. Tí PS3 àtijọ́ bá ṣì wà nílé, wá NCAA Football 14, ó ṣì dùn, àmọ́ ọkàn ẹ ò ní balẹ̀ tó o bá gbọ́ iye tí wọ́n ń ta CD ẹ̀.

Ìbéèrè: Ó ti sú mi. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí mo bá jù ni wọ́n ń já gbà, mo ti gbé e wá sí Freshman tó rọrùn jù, síbẹ̀ náà ni.

Pẹ̀lẹ́, ìka ẹ ló ń ṣe é. Bó o bá ṣe tẹ bọ́tìnì ni bọ́ọ̀lù ṣe máa lọ: tó o bá kàn fọwọ́ kàn án fẹ́rẹ́, á lọ sókè réré á wá máa bọ̀ jẹ́jẹ́, ẹni tó ń sọ́ èèyàn ẹ á ti dé abẹ́ ẹ̀ kó tó balẹ̀, àmọ́ tó o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tààrà ló ń lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bó o ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yẹn, ìlà kan á máa kún, tó o bá wá jẹ́ kó kún kọjá ibi tó yẹ, bọ́ọ̀lù á gba orí èèyàn ẹ kọjá. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa di bọ́tìnì mú gírígírí látinú Madden àtijọ́, géèmù EA míì tí wọ́n fi ń gbá irú bọ́ọ̀lù yìí, ló ń jìyà ẹ̀ jù.

Kọ́kọ́ lọ sí settings, wá Passing Type, yí Revamped tó wà níbẹ̀ sí Classic, ìlà yẹn á kúrò ńlẹ̀. Tó o bá fẹ́ kọ́ Revamped ṣá, wọ Practice, bọ́ọ̀lù kúkurú nìkan ni kó o máa jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Má sì jù ú nígbà tí quarterback ẹ, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, bá ń sá sẹ́yìn, ìyẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á sá lọ sẹ́yìn tán wọ́n á wá jù ú sáàárín èrò, wọ́n á ní géèmù ló ń ṣe ojúsàájú.

Ìbéèrè: Tí mo bá lọ gbá níta, àwọn ìlà tó ń júwe ibi tí oníkálukú máa sá gbà máa ń wọ́ kọ́rọkọ̀rọ, tẹlifíṣọ̀n á tún máa gbọ̀n. Ṣé géèmù mi ti bàjẹ́ ni?

Rárá o, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, lójú tèmi òun gan-an ló dáa jù nínú ẹ̀. Ariwo èrò ló ń ṣe é. Wọ́n to àwọn pápá 25 tó le jù, Kyle Field ti Texas A&M ló wà lókè pátápátá, Bryant-Denny ti Alabama tẹ̀ lé e. Èrò tó wọ Kyle Field lé ní 100,000, ẹ fojú inú wo ariwo yẹn lórí ọmọ ogún ọdún tó ń gbìyànjú láti pe eré, ìyẹn ètò tí tíìmù ẹ̀ fẹ́ lò. Tí ariwo bá ti pọ̀, ìlà tó o rí lè má jẹ́ òótọ́, tó o bá sì ní kó o yí eré padà lójú ẹsẹ̀, àwọn èèyàn ẹ lè má gbọ́.

Torí náà wo eré yẹn dáadáa níbi tó o ti ń mú un, kó o mọ ibi tí oníkálukú ń lọ, kó o tó débi ìlà tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀ rárá. Eré tó o mọ̀ lórí ni kó o máa pè. Máa gbé bọ́ọ̀lù sá ní ìbẹ̀rẹ̀ dípò kó o jù ú, gba díẹ̀díẹ̀, tó o bá ti gba àmì ayò kan tàbí méjì, pápá á dákẹ́ fúnra ẹ̀.

Ìbéèrè: Running back mi (ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sá) ń ṣe bẹbẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tó bá ti di November á dà bí ẹni tí ò jẹun.

Wear and Tear nìyẹn. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń kọ lù ú ni géèmù ń kà sí i lára, apá, ẹsẹ̀, orí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, agbára ẹ̀ á sì máa lọ sílẹ̀. Fi ẹnì kejì rọ́pò ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá sì ti ń nà wọ́n burúkú, yọ ọ́ pátápátá. Ẹni tí ò bá ní sùúrù fún ìyẹn lè pa á nínú settings.

Ìbéèrè: Nínú Dynasty, níbi tí èèyàn ti ń darí tíìmù yunifásítì kan láti sáà dé sáà, mo mú ilé ẹ̀kọ́ kékeré, mo fún àwọn ọmọ 5-star (àwọn tó dáa jù) ní scholarship, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Ta ló fẹ́ dá ẹ lóhùn? Scholarship kì í ṣe nǹkan kan, wákàtí 5 péré ló ń jẹ nínú èyí tí géèmù fún ẹ láti fi wá ọmọ, Georgia àti Ohio State náà ti fún wọn. Ibi tí iṣẹ́ wà ni wákàtí tó kù. Orúkọ 35 ni o lè gbé sórí pátákó ẹ, ẹni tó bá wá ń pín wákàtí fún gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohùn ẹ̀. Mú díẹ̀, kó o rọ̀ mọ́ wọn: Send the House, ìyẹn kó o sa gbogbo ipá ẹ láti fa ọmọ mọ́ra, ń jẹ wákàtí 50 lórí ọmọ kan ṣoṣo, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ 3-star tó wà nítòsí ẹ ni kó o kọ́kọ́ wá. Ṣe scouting fún un (yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa), tí àmì òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé bá jáde, ó dáa ju bí wọ́n ṣe ń pè é lọ, tó bá jẹ́ àmì pupa, fi í sílẹ̀. Tó o bá fẹ́ pè é wá wo ilé ẹ̀kọ́, ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbá nílé tó o sì mọ̀ pé ẹ máa borí ni kó o mú. Pe quarterback àti ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ó ń wú wọn lórí. Má pe quarterback méjì pọ̀ o! Kó o sì wo dealbreaker oníkálukú (ohun tí kò bá rí, á fi ẹ́ sílẹ̀), torí ọmọ tó ní àfi kí òun máa gbá, tó o wá fi í sórí bẹ́ǹṣì, transfer portal, ibi tí wọ́n ti ń wá ilé ẹ̀kọ́ míì, ló ń lọ tí sáà bá parí.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àwọn ọmọ kan nínú tíìmù mi ò ní orúkọ gidi?

Oníkálukú ló ní láti fọwọ́ sí i fúnra ẹ̀ kí wọ́n tó lo orúkọ ẹ̀. Torí ẹjọ́ orúkọ àti àwòrán àwọn ọmọ yìí, tí Ed O'Bannon tó gbá basketball ní UCLA pè ní 2009, ni géèmù yìí fi dúró tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, gbà ní 2021 kí àwọn ọmọ máa gba owó orúkọ wọn, ọ̀nà là. Ẹni tó bá gbà, $600 àti géèmù kan ni wọ́n fún un, owó tó kéré lójú tèmi, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbà á. Ẹni tí ò gbà, orúkọ àtọwọ́dá ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ bá àbúrò mi tó wà ní Atlanta ṣe Dynasty, Xbox lòun ní, PS5 ni tèmi.

Kò ṣe é ṣe. Ẹ lè kojú ara yín ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo, àmọ́ Dynasty tó gba èèyàn 32, ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo yín gbọ́dọ̀ máa lò. Ó dun èmi náà.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi ọkùnrin ló ní kí n ra á. Wọ́n ní ó ń jẹ owó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rà á tán?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Òótọ́ ni, àmọ́ Ultimate Team ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ta páàkì agbábọ́ọ̀lù tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Dynasty àti Road to Glory (níbi tó ti máa jẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo) ò nílò ìyẹn. Ẹ ṣí àkáǹtì ọmọ fún un lórí PS5 yẹn, kí ẹ fi iye tó lè ná lóṣù sí òdo, kí ẹ má sì fi nọ́ńbà káàdì yín sílẹ̀ lórí ẹ̀.