Bí ẹ ṣe lè dín ṣúgà kù, àti ohun tí ẹ máa ṣe nígbà tí ọ̀fun bá ń dá tòló

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí tíì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe. Wọ́n á mu Lipton láìfi ṣúgà sí i láàárọ̀, ojú wọn á fún pọ̀ bíi ti ọmọ tí wọ́n ń rọ lágbo, tó bá wá di ọ̀sán, wọ́n á fi mínírà tutù tu ara wọn nínú. Inú ìgò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ yí ìgò náà padà kí ẹ ka ara rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ṣúgà gíráàmù 10 sí mìlílítà 100, ìgò 50cl ti gbé gíráàmù 50 nìyẹn, bíi ṣíbí tíì 12. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí à ń bù sí nǹkan, pẹ̀lú ti oyin àti ti omi èso, má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa. Fún àgbàlagbà, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 50. Wọ́n ní ó tún sàn tí kò bá tó 25. Ìgò kan ti jẹ ìpín ọjọ́ tán, ẹ ò sì tíì fẹnu kan búrẹ́dì.

Ẹni tó ń mu méjì lóòjọ́, kó sọ ọ́ di ẹyọ kan lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kó máa fo ọjọ́ kan. Ẹni tó bá já Coca-Cola jù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orí lè máa fọ́ ọ, torí caffeine wà nínú rẹ̀.

Tíì, ògì àti gàrí ò le. Ẹ máa yọ ìdajì ṣíbí lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣúgà St. Louis ni kí ẹ lò torí ó ṣe é kà. Ẹni tó ń da ti inú ọ̀rá ò lè mọ iye tó dà. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, omi tutù, ẹ̀pà: kí ni ṣúgà ń wá níbẹ̀?

Wàhálà gidi wà láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ń ta, ẹ há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Ìwó Róòdù n'Ìbàdàn, ọmọ kan ń gbé mínírà oníyìnyín bọ̀ láàárín ọkọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ìpinnu máa ń dà wó. Ẹ sì máa gbọ́ pé, “ọ̀fun mi ń dá tòló ni.” Irọ́ ni, ebi ni! Tíì àti búrẹ́dì ló jẹ láàárọ̀, kò jẹ nǹkan kan lọ́sàn-án. Ẹ jẹ ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹyin láàárọ̀. Lọ́sàn-án, ẹ jẹ àmàlà, kí gbẹ̀gìrì inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, kì í tètè dà.

Ẹ má sì fi ṣúgà rọ́pò ṣúgà. Malt kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀, ṣúgà wà nínú rẹ̀. Sóbò ẹ̀gbẹ́ títì ńkọ́? Ẹ bi ẹni tó sè é léèrè ohun tó dà sí i. Ẹ ra ewé rẹ̀ ní Bódìjà, kí ẹ fi ata ilẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó sè é. Èèpo yẹn tó.

Tí ọ̀fun bá ṣì ń dá tòló, ẹ mu omi inú ọ̀rá kan tán, kí ẹ wá run pákò. Orín ata ni kí ẹ rà, torí ẹnu tó ti ta kì í wá àdídùn. Ẹni tí kò bá lè run pákò níbi iṣẹ́, kó jẹ ẹ̀pà, tàbí dàbínù méjì láti Sábó. Ẹ má ra bisikíìtì ní páálí kí ẹ ní ti àwọn ọmọ ni.

Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ tàbí lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kó kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n tí òógùn tútù bò ó, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀ jù. Kó tètè mu nǹkan dídùn lójú ẹsẹ̀.

Ní òde ọjọ́ Sátidé, ẹ jẹun kí ẹ tó fọwọ́ kan ìgò. Ẹyọ kan tó. Èyí tí wọ́n bá fi lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ gbé lọ sílé, ẹ fún ẹni tó jókòó tì yín.